Èènì Kò Lè Tó Ọjà: Ìmọ̀ràn Lórí Káàdì Àwìn, Gbèsè Púpọ̀ àti Orúkọ Rere

 

Ẹni tó bá ti ná ọjà Ṣakí rí mọ ohun tí à ń pè ní èènì. Bí ẹ bá ra ẹ̀gúsí, tí ìyá tó ń tà á wọn kóńgò kún tán, ẹ óò dúró, ẹ óò wò ó lójú. Òun náà ti mọ ohun tí ẹ ń retí. Yóò fi ọwọ́ bu díẹ̀ sí i, yóò ní, "Ẹ gbà, èènì yín rèé." Inú yín á dùn, ẹ óò sì tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Ohun tí èènì wà fún gan-an nìyẹn: kí oníbàárà lè padà wá.

Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò ra kóńgò ẹ̀gúsí mẹ́wàá nítorí èènì, nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ni yóò sè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò yá owó èlé ra ẹ̀gúsí kí ó lè gba èènì ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò, àwọn ará ọjà yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń ṣe ní òkè òkun nìyẹn, pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Àwa tí a wà nílé náà sì ní irú tiwa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ya ojú ìwé wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

ÌYÁ ALÁṢỌ ÒFÌ ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ìséyìn dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí á bá òun gbọ́ ohùn tí àkọ́bí òun fi ránṣẹ́ láti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Òun ló tún òrùlé ilé wọn ṣe, òun ló ń san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì ti ra ilẹ̀ kan sí ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn.

Ohun tó sọ nínú fóònù náà kò gùn. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ yẹn. Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá wa ní òun kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọmọ òun ti kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, tàbí pé ó ń ta tẹ́tẹ́, tàbí pé àwọn ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. A gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àdúrà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ pé kí á kọ́kọ́ pe ọmọ náà, kí á béèrè iye tó jẹ àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti jẹ ẹ́.

Nígbà tí a pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí tẹ́tẹ́, kò sí ọtí, kò sí ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Káàdì àwìn mẹ́fà ló wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nítorí èènì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á kọ ìtàn òun, kí àwọn ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

KÍ NI KÁÀDÌ ÀWÌN?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Káàdì tí púpọ̀ nínú wa ń fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì, owó tiwa ni à ń fi í gbà. Bí kò bá sí owó wa níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní dá wa lóhùn. Káàdì àwìn kò rí bẹ́ẹ̀. Owó báǹkì ni ẹni tó ní in ń ná. Gbogbo ohun tó bá fi rà, àwìn ni. Bí oṣù bá parí, báǹkì yóò fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá, èlé kò ní sí lórí ọjà tó rà. Bí ó bá san díẹ̀ tí ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, èlé bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà wa rántí àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló. Wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ṣùgbọ́n òṣómàáló mọ ojú oníbàárà rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó mọ bàbá rẹ̀. Báǹkì òyìnbó kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ló mọ̀. A óò padà sórí èyí láìpẹ́.

Ní 1950 ni Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York, fún àwọn tó fẹ́ jẹun nílé oúnjẹ láìmú owó dání. Ní 1958, Bank of America fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè fún un. Barclaycard dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Nígbà tí káàdì wá pọ̀ lọ́jà, àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí oníbàárà yóò fi yan tiwọn. Èènì ló bá dé. Káàdì Discover, tó jáde ní 1986, ń dá díẹ̀ padà nínú owó tí ènìyàn bá ná. Ní 1987, Citibank àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú American Airlines gbé káàdì kan jáde tó jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe ń ná owó ni ó ń kó máìlì jọ fún ìrìn àjò ọ̀fẹ́. Lónìí, òmíràn ń fún ènìyàn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là bí ó bá lè ná iye kan láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ta ló ń san owó èènì yìí? Ọ̀nà pàtàkì méjì ló ń gbà wá. Èkíní, báǹkì ń yọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ta ọjà, nígbàkigbà tí a bá fi káàdì rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, owó èlé tí àwọn tí kò lè san gbèsè wọn tán ń san. Ẹni tó ń san gbogbo gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù ló ń jẹ èènì. Ẹni tí kò lè san án tán ló ń ra èènì fún un.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká ní káàdì kan ń dá dọ́là 2 padà nínú 100. Ẹni tó bá fi ra ọjà 1,000 dọ́là gba èènì 20 dọ́là. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni kan náà jẹ 3,000 dọ́là sílẹ̀ lórí káàdì náà. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ń lọ sí nǹkan bí 21 nínú 100 lọ́dún. Èlé oṣù kan péré lórí 3,000 yẹn ju 52 dọ́là lọ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba 20, ó fi ọwọ́ òsì san 52. Irú èènì wo nìyẹn?

MÁÀKÌ TÍ Ó Ń RÌN ṢÁÁJÚ ẸNI

A sọ pé báǹkì òyìnbó kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń ṣe àkójọ bí oníkálukú ṣe ń san gbèsè rẹ̀: Equifax, Experian àti TransUnion. Nínú àkọsílẹ̀ wọn ni a ti ń ṣírò máàkì kan tí yóò máa rìn ṣáájú ènìyàn lọ sí gbogbo ibi tó bá fẹ́ yá owó. Èyí tó lókìkí jù ni FICO, tí ilé-iṣẹ́ Fair Isaac gbé jáde ní 1989. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó sì parí sí 850. Bí ó bá ṣe ga tó ni èlé yóò ṣe kéré tó. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, báǹkì lè kọ̀ láti yá ènìyàn lówó ilé, onílé sì lè kọ̀ láti gbà á sílé.

Ohun márùn-ún ló wà nínú máàkì yìí. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100:

Ìdá 35 wà fún bíbéèrè pé, ṣé ẹni yìí ń san gbèsè rẹ̀ lásìkò?

Ìdá 30 wà fún bí gbèsè rẹ̀ ti pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n fún un láyè láti jẹ.

Ìdá 15 wà fún ọjọ́ orí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé, ó ti tó ìgbà wo tó ti ń yá owó tó sì ń san án?

Ìdá 10 wà fún gbèsè tuntun tó ń wá kiri.

Ìdá 10 tó kù wà fún oríṣi gbèsè tó ní, bíi ti káàdì, ti ọkọ̀, ti ilé.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ènìyàn ní ní Ìséyìn kò sí níbẹ̀. Oyè tí bàbá rẹ̀ jẹ ní Òkèhò tàbí Ìgbòho kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó kékeré tó sì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ lè ní máàkì tó ga ju ti dókítà lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí á sọ òtítọ́ kan tó lè ya àwọn kan lẹ́nu. Káàdì púpọ̀ nìkan kọ́ ló ń ba máàkì jẹ́. Ẹni tó ní káàdì mẹ́ta, tí àpapọ̀ àyè tí wọ́n fún un jẹ́ 5,000 dọ́là, tí ó sì jẹ 500, ìdá 10 nínú 100 péré ló ti lò. Ìyẹn dára. Bí ó bá ti ọ̀kan tó ní àyè 2,000 pa, àyè rẹ̀ di 3,000. Gbèsè 500 kan náà yóò wá di nǹkan bí ìdá 17, láìjẹ́ pé ó ná kọ́bọ̀ kan sí i. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi ń sọ pé kí ènìyàn má ṣe kánjú ti káàdì àtijọ́ tí kò gba owó ọdọọdún pa. Wọ́n sì ń gbani níyànjú pé kí gbèsè má kọjá ìdá 30 nínú àyè tí a ní. Èyí tí kò bá tó ìdá 10 tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ènìyàn bá sì kọ̀wé béèrè fún káàdì tuntun, wíwò tí báǹkì wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ọ̀kan lè má ṣe ju kí máàkì rẹ̀ dín díẹ̀ lọ. Mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín oṣù díẹ̀ yóò jẹ́ kí báǹkì máa rò pé ebi ń pa á.

IBI TÍ ARÁKÙNRIN WA TI ṢÌNÀ

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ dáadáa fún arákùnrin wa ní Houston. Káàdì méjì ló ní. Ó fi ń ra epo ọkọ̀ àti oúnjẹ, ó ń san án tán lóṣooṣù, máàkì rẹ̀ sì ń gòkè. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti báǹkì oríṣiríṣi: "Gba káàdì wa, a óò fún ọ ní èyí." Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ó gba mẹ́rin sí i. Nígbà tó ń wálé fún ọdún Kérésìmesì, máìlì ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun rò pé òun ti gbọ́n ju báǹkì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìséyìn dé. Onílẹ̀ ní òun fẹ́ gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Arákùnrin wa fi káàdì méjì gba owó kéèṣì lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò mọ̀ pé kéèṣì tí a fi káàdì àwìn gbà yàtọ̀ sí ọjà tí a fi í rà. Wọ́n ń yọ owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, èlé rẹ̀ sábà máa ń ga jù, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbà á gan-an, láìdúró de òpin oṣù. Kò sì sí èènì kankan lórí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í san kìkì iye tó kéré jù tí ìwé gbèsè ní kí ó san. Ẹni tó bá ń san ìyẹn nìkan dà bí ẹni tó ń fi ife gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Káàdì mẹ́rin kún dé ẹnu. Káàdì mẹ́fà sì ní ọjọ́ ìsanwó mẹ́fà. Nínú làálàá yìí, ó gbàgbé ọ̀kan tí gbèsè orí rẹ̀ kò ju 38 dọ́là lọ. Kì í ṣe pé kò ní 38 dọ́là. Ó gbàgbé ni. Nígbà tó fi rántí, ó ti lé ní 30 ọjọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún 7.

Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí báǹkì láti yá owó ilé, wọ́n kọ̀ fún wọn. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ nípa mẹ́rin nínú káàdì mẹ́fà náà. Ní ìjókòó yẹn ló ti kọ́kọ́ gbọ́. Arákùnrin wa sọ fún wa pé kíkọ̀ tí báǹkì kọ̀ kò dun òun tó ojú tí ìyàwó òun fi wo òun.

Fún àwọn tí ọmọ wọn wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta kan náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oníkálukú wọn ló ní máàkì tirẹ̀. Gbèsè tí a kò san lásìkò lè wà lákọsílẹ̀ fún ọdún 6. Fífi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí ó ń fi ibi tí ènìyàn ń gbé hàn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan lèyí. Lọ́dọ̀ tiwa, káàdì àwìn kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ẹlẹ́ka púpọ̀ wọ́pọ̀. Àwọn kan ń dá èésú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń kó ti àkọ́kọ́ láti fi dá èkejì, wọ́n ń kó èkejì láti fi dá ẹ̀kẹta. Wọ́n tún yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n tún gba ti báǹkì kékeré tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n tún wá fi fóònù yá òmíràn.

Èésú jẹ́ ohun rere. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú ìwé kan náà ló ti kọ nípa ìwọ̀fà, nígbà tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó nítorí gbèsè. Àwọn baba wa mọ̀ pé gbèsè lè gbé ọmọ jáde nílé.

A mọ àwọn obìnrin márùn-ún kan ní apá Ṣakí tí wọ́n jọ gba owó, tí oníkálukú sì dúró fún ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti yá owó níbi méjì mìíràn láìsọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Ìgbà tí iṣu bá ta ni owó ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Nígbà tí kò lè san mọ́, àwọn mẹ́rin tó kù ló san án. Owó ìdánwò ọmọ ni ọ̀kan nínú wọn fi san tirẹ̀. Títí di òní, àwọn márààrún kò jókòó sórí àga kan náà mọ́.

Àkọsílẹ̀ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 2014 ni àwọn báǹkì ti ń fún oníkálukú ní nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo, tó so gbogbo àpò owó tó ní ní gbogbo báǹkì pọ̀. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí àkọsílẹ̀ gbèsè. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ló ń ṣe àkójọ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 2020, báǹkì àpapọ̀ ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá jẹ báǹkì kan lówó tí kò san án, wọ́n lè yọ owó náà nínú àpò rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Ní 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò CREDICORP, kí òṣìṣẹ́ lè máa ra nǹkan láwìn kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú àkọsílẹ̀ lè rí i pé ilẹ̀kùn irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pa mọ́ òun.

Ní ti àwọn ayánilówó orí fóònù, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Àwọn kan nínú wọn máa ń kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹni tó yá owó. Bí kò bá san lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀, àna rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀. Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ṣe ìlànà fún wọn, ó sì ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Kí ẹ tó yá owó, ẹ wádìí bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀.

KÍ NI ṢÍṢE?

1. Ẹ má ṣe gba káàdì tàbí ẹ̀yáwó nítorí èènì. Ẹ béèrè pé: bí kò bá sí èènì, ṣé a óò gbà á?

2. Ẹ san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí kò bá lè san gbogbo rẹ̀, kí ó gbàgbé èènì, kí ó dáwọ́ káàdì dúró, kí ó sì kọjú sí gbèsè.

3. Ẹni tó ní káàdì ju ẹyọ kan lọ, kí ó ní kí báǹkì máa yọ iye tó kéré jù fúnra rẹ̀, kí ìgbàgbé má baà di àbàwọ́n. Kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ san ìyókù kí ọjọ́ tó pé. Ó tún ṣeé ṣe láti ní kí àwọn báǹkì fi ọjọ́ ìsanwó sí ọjọ́ kan náà.

4. Ẹ má ṣe fi káàdì àwìn gba kéèṣì, ì báà ṣe fún ilẹ̀, ìsìnkú, tàbí ìgbéyàwó.

5. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kọ gbogbo gbèsè yín sínú ìwé kan: ẹni tí ẹ jẹ, iye rẹ̀, èlé rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó ṣọ́ra fún gbèsè ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

6. Kí ọkọ má fi gbèsè pamọ́ fún aya, kí aya má fi pamọ́ fún ọkọ. Gbèsè tí a jọ mọ̀, a óò jọ san án.

7. Ẹni tí omi bá ti fẹ́ bò, kí ó tètè sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ olùgbaninímọ̀ràn wà lábẹ́ National Foundation for Credit Counseling. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, StepChange àti Citizens Advice ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé níbí, ẹ lọ bá báǹkì tàbí ẹgbẹ́ tí ẹ jẹ kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹ má ṣe sá fún wọn.

Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún wa. Nígbà tí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́, ǹjẹ́ a máa ń béèrè ibi tí ó ti rí i? Ìyá wa ní Ìséyìn sọ fún wa pẹ̀lú omijé pé òun ni òun ń ti ọmọ òun pé kí ó tètè ra ilẹ̀ náà, nítorí ọmọ aládùúgbò òun ti ra tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Nínú ìwé Ọba Kejì orí 4, a kà nípa opó kan tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjì lọ ṣe ẹrú. Òróró ni wòlíì bá a ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò tí wòlíì tò fún un: ó ní kí ó ta òróró náà, kí ó kọ́kọ́ san gbèsè, lẹ́yìn náà kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ nínú èyí tó kù. Iṣẹ́ ìyanu dé, síbẹ̀ gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ san.

A kò ta ilẹ̀ Ìséyìn náà. Arákùnrin wa jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n tẹ́ káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì, wọ́n sì lọ bá àwọn olùgbaninímọ̀ràn. Wọ́n bá wọn bẹ àwọn báǹkì, wọ́n dín èlé kù, wọ́n sì ṣètò bí wọn yóò ṣe máa san án. Fún oṣù mẹ́jọ, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìyá rẹ̀ ló ń ta òfì san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Bí a ti ń kọ èyí, ó ti san gbèsè méjì tán nínú mẹ́fà. Máàkì rẹ̀ kò tíì padà sí ibi tó wà, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì tún gbé e wá fún wa láti gbọ́. Ó ní, "Màámi, báǹkì kan tún fi ìwé káàdì ránṣẹ́ sí mi lónìí. Mo ti ya á."

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìyàtọ̀ láàárín èènì àti ọjà. Àmín.